Wákàtí Mẹ́rìndínlógójì ní Donostia: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Ti Jẹun, Ibi Tó Yẹ Kí Ẹ Kọjá

Ẹni tó bá wọ Donostia láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tòun ti ebi, oúnjẹ tó burú jù nínú ìlú náà ni yóò jẹ. Oúnjẹ ò wọ́n o, orí káńtà kún bámúbámú. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán ni ohun tó wà níbẹ̀ ti wà níta: búrẹ́dì abẹ́ rẹ̀ ti mu omi, edé orí rẹ̀ ti gbẹ, àwọn tó ń dáná sì ti lọ sinmi. Kí ẹni náà padà wá sí báà kan náà láago mẹ́jọ alẹ́, yóò rò pé òun ṣi ilé ni. Aago ni ọ̀gá níbí, pàápàá fún ẹni tí kò ní ju ọjọ́ kan àti ààbọ̀ lọ láti lò.

San Sebastián ni àwọn Sípéènì ń pe ìlú náà. Donostia ni orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn Basque, ẹ̀yà tó ni agbègbè náà, tí wọ́n ń pe èdè wọn ní Euskara. Etíkun àríwá Sípéènì ló wà, nǹkan bí ogún kìlómítà sí ẹnubodè Faransé. Àdúgbò àtijọ́ rẹ̀, Parte Vieja, fún mọ́ àárín òkè Urgull, èbúté àwọn apẹja àti odò Urumea. Ẹ fi ẹsẹ̀ là á já láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyẹn ló sì mú kí ìlú yìí bá ìrìn kúkúrú mu ju ọ̀pọ̀ ìlú etíkun lọ: ẹ lè dé báà márùn-ún tàbí mẹ́fà lálẹ́ ọjọ́ kan láìwọ mọ́tò rárá. Òpópónà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ 31 de Agosto. Ọjọ́ yẹn, lọ́dún 1813, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí kó ìlú náà, tí iná sì jó o. Àwọn ilé òpópónà yẹn ló ṣẹ́ kù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti jẹ kéèkì tó lórúkọ jù nínú ìlú lónìí.

Aago, lẹ́sẹẹsẹ

Lọ́sàn-án, báà máa ń gbóná láti nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ títí di mẹ́ta. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ọ̀pọ̀ ti pa iná ìdáná. Alẹ́ bẹ̀rẹ̀ láago méje ààbọ̀, ó sì ń lọ sí mẹ́wàá ààbọ̀. Láàárín méjèèjì, ẹ lọ wẹ̀ ní etíkun La Concha, ẹ gun òkè Urgull, ẹ sùn, ẹ ṣáà má jẹun. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á kó mu kọfí pẹ̀lú ègé ẹyin àti pòtétò kan láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá òwúrọ̀; àwọn báà máa ń gbé tuntun jáde nígbà yẹn, ó sì sàn ju oúnjẹ àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó ń gba owó gọbọi lọ. Oúnjẹ àárọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tún ní àbùkù kejì: ó ń kún inú dé aago kan ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ aago kan ọ̀sán ni ìwọ̀nba àyè tí ẹ ní.

Ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ tó dáa máa ń tì ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé látòkè délẹ̀, àwọn mìíràn tún ń fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kún un. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Àìkú sí Ajé nítorí pé ó rọjú, owó tó fi pamọ́ lórí bàálù, oúnjẹ ni yóò fi san án. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sí alẹ́ Ẹtì ló dáa jù. Ẹtì sí Àbámẹ́ta náà dáa, àmọ́ èrò máa ń pọ̀. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ tí 15 oṣù kẹjọ bá bọ́ sí, torí ọ̀sẹ̀ ọdún ńlá wọn ni, àti ìgbà àjọ̀dún fíìmù nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ ó rí oúnjẹ jẹ, ṣùgbọ́n ìdúró lẹ́nu ọ̀nà ni yóò jẹ wákàtí yín.

Bí káńtà ṣe ń ṣiṣẹ́

Pintxo ni wọ́n ń pe oúnjẹ kékeré tí wọ́n ń tà ní báà. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí «gún» ló ti wá, nítorí igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń gún un pọ̀. Oríṣi méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni àlejò ti ń ṣìnà. Tútù ni èyí tó wà lórí káńtà. Gbígbóná kò sí níta. Ara pátákó dúdú tó wà lára ògiri ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, inú ìdáná ló ti ń wá, tuntun ni wọ́n sì ń sè é fún ẹni tó bá béèrè. Ibẹ̀ ni agbára àwọn alásè wà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ mú lórí káńtà, kó jẹ́ ohun tí òtútù kò lè bà jẹ́: anchoa (ẹja wẹ́wẹ́ kan), ólífì, ata inú fínígà, ẹyin pẹ̀lú pòtétò. Ohun tí wọ́n bá dín nínú òróró, tó sì ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná ni wọn yóò sọ ọ́ sí, ooru rẹ̀ á sì sọ búrẹ́dì di rọ́bà.

Àwọn báà kan wà tí wọ́n máa ń na àwo pẹrẹsẹ ńlá sí àlejò ní kété tó bá wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún àwo yẹn. Ẹni tó bá gbà á yóò kó mẹ́jọ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, yóò san owó tó tó ti ilé oúnjẹ oníjókòó, yóò sì jẹ ohun tútù mẹ́jọ níbi tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Bí àwọn ọmọ ìlú ṣe ń ṣe é rèé: wọ́n á wọlé, wọ́n á gba ọtí kékeré kan pẹ̀lú ẹyọ kan, ó pọ̀ jù méjì, nínú ohun tí báà yẹn fi lórúkọ. Orí ìdúró ni wọ́n á ti jẹ ẹ́. Wọ́n á ka ohun tí wọ́n jẹ fún ẹni tó wà lẹ́yìn káńtà, wọ́n á sanwó, wọ́n á bọ́ sí báà tó kàn. Òótọ́ inú ni wọ́n fi ń gba owó. Kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tí ẹ mú sílẹ̀ níbi púpọ̀, nítorí náà ẹ máa kà á fúnra yín.

Kò sí títò sórí ìlà. Ẹ sún mọ́ káńtà, ẹ jẹ́ kí ojú yín àti ti ẹni tó ń tà ṣe mẹ́rin, ẹ kí i kí ẹ tó béèrè. Lẹ́tà x nínú èdè wọn, ṣ tiwa ni: «kaixo» tí wọ́n fi ń kíni, káíṣo ni ẹ ó pè é. Kò sẹ́ni tó ń retí ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kíni máa ń tètè rí oúnjẹ gbà. Èyí kò ṣàjèjì sí wa.

Pintxo mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń yó àgbàlagbà kan. Tútù máa ń wà láàárín Yúrò méjì ààbọ̀ sí mẹ́rin, gbígbóná láàárín mẹ́rin sí nǹkan bí méje. Pẹ̀lú ohun mímu, Yúrò márùndínlógójì sí márùndínláàádọ́ta yóò gbé ẹnì kan já lálẹ́ ọjọ́ kan.

Àwọn báà, àti ohun tó yẹ kí ẹ béèrè

Gilda ni ká kọ́kọ́ dárúkọ, torí òun ni gbogbo ìlú fi ń ṣí ẹnu. Ata tútù gígùn inú fínígà, ẹja anchoa oníyọ̀ kan, ólífì tútù kan, igi kan. Ó parí. Casa Vallés ní òpópónà Reyes Católicos, lẹ́yìn kàtídírà Buen Pastor, ni wọ́n gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Fíìmù Gilda, ti òṣèré Rita Hayworth, tó jáde lọ́dún 1946 ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: aláwọ̀ ewé, oníyọ̀, ó sì ta lẹ́nu díẹ̀, bíi ti obìnrin inú fíìmù náà lójú wọn. Ẹni tí ata rodo tọ́ dàgbà kò ní mọ̀ pé ata wà níbẹ̀. Ẹnu kan ni wọ́n ń jẹ gbogbo rẹ̀, torí àpapọ̀ ni adùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń já a jẹ ní ẹyọ-ẹyọ, iyọ̀ lásán ni yóò bá pàdé. Bí ẹ ó ṣe mọ èyí tó dáa: ata rẹ̀ yóò ró pọ́ lábẹ́ eyín, anchoa rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, yóò sì le díẹ̀. Tó bá ti rọ̀ bí ìpara, ó ti pẹ́ jù nínú òróró.

Fún anchoa funfun, èyí tí wọ́n fi fínígà ṣe dípò iyọ̀, Txepetxa ní òpópónà Pescadería ni ibẹ̀. Ẹja kan ṣoṣo ni wọ́n gbájú mọ́. Orí búrẹ́dì yíyan ni wọ́n ń tò ó sí, wọ́n á wá fi nǹkan lé e: akàn, ólífì, tàbí ata àti àlùbọ́sà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní jardinera. Jardinera ni kí ẹ mú. Akàn oníkíríìmù máa ń bo ẹja mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹja ni ẹ tìtorí rẹ̀ wá. Ẹni tí ẹ̀rù ẹja tí kò rí iná bá ń bà kó fọkàn balẹ̀: láti ọdún 2006 ni òfin Sípéènì ti ní kí ilé oúnjẹ fi irú ẹja bẹ́ẹ̀ sínú òtútù tó kéré tán -20 ní ìwọ̀n Celsius fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí kòkòrò tó ń jẹ́ anisakis lè kú. Ìgbà ìrúwé ni anchoa ń wọlé jù. Láti ọdún 2005 di 2010, ẹja náà dín kù débi pé wọ́n ti ìpẹja rẹ̀ pa ní agbami Biscay, kó lè bí sí i.

Bar Nestor, òpópónà kan náà, ni ètò ibẹ̀ le jù, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ́. Tortilla wọn, ìyẹn ẹyin àti pòtétò tí wọ́n dín pọ̀ kó nípọn, ẹyọ méjì péré ni wọ́n ń ṣe lójúmọ́: ọ̀kan láago kan ọ̀sán, ọ̀kan láago mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n á gé e sí ègé díẹ̀, ó tán. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ síbẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú, kí wọ́n kọ orúkọ yín sílẹ̀, kí ẹ sì padà débẹ̀ kí aago tó lù. Ẹni tó bá pẹ́, ègé rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ǹjẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀? Ó dùn, inú rẹ̀ kò le, ẹyin rẹ̀ ń yọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ìrìn kúkúrú, wíwá lẹ́ẹ̀mejì nítorí ègé kan máa ń da ètò rú. Ọ̀sán ni kí ẹ gbìyànjú rẹ̀, ẹ má fi alẹ́ yín ta tẹ́tẹ́. Ohun tó kù nílé náà kò tó nǹkan: tòmátì, ata tútù díndín àti chuleta. Tòmátì yẹn, òróró ólífì àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i, àmọ́ láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án òun gan-an ló yẹ kó lókìkí jùlọ níbẹ̀.

Chuleta ni ẹran màlúù ńlá tòun ti egungun, láti ara abo màlúù tó ti dàgbà, tí ọ̀rá rẹ̀ ti pọ́n bí òróró. Ìwọ̀n kìlò ni wọ́n fi ń tà á, wọ́n á gbé e wá ní tútù kí ẹ kọ́kọ́ rí i. Kìlò kan tó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gbọ́ òtítọ́ kan: pupa ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ìta rẹ̀ á jóná, iyọ̀ wóróró á wà lórí rẹ̀, inú rẹ̀ á sì dà bíi pé kò rí iná rí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n sè é kó jiná, ọ̀rá tí wọ́n torí rẹ̀ fi màlúù sílẹ̀ kó dàgbà yóò ti yọ́ dànù, ẹran á sì le bí awọ bàtà. Tí ẹ kò bá lè jẹ ẹran pupa, ẹ má ná owó yín síbẹ̀. Ẹ lọ sí La Cuchara de San Telmo.

Inú ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé San Telmo ni ibẹ̀ wà. Kò sí ohunkóhun lórí káńtà. Gbogbo rẹ̀ pátá láti inú ìdáná ni. Ẹ béèrè carrillera, ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ màlúù tí wọ́n fi wáìnì pupa sè títí ó fi ń já fúnra rẹ̀. Èyí ni ẹran tí ẹni tó fẹ́ràn ẹran rírọ̀ yóò mọ̀ lójú. Ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, èjìká sí èjìká ni. Borda Berri ní Fermín Calbetón ń ṣe irú oúnjẹ kan náà, orzo (pasita tó rí bí ìrẹsì) oníwàràkàṣì Idiazabal tiwọn sì ṣe é jẹ gan-an. Ẹ mú ọ̀kan nínú ilé méjèèjì, torí oúnjẹ wọn wúwo, wọ́n sì jọra. Bí ẹ bá yan Borda Berri, Goiz Argi wà lójú ọ̀nà kan náà fún edé tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì da ata òun àlùbọ́sà onífínígà lé. Ẹnu méjì ló jẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ti tutù, kò níyì mọ́.

Ganbara, ní San Jerónimo, olú ló fi lórúkọ. Wọ́n ń tò ó sórí káńtà bí ọjà, wọ́n á wá dín in lórí irin gbígbóná, wọ́n á fi pupa ẹyin tútù sí àárín kí ẹ fi po ó. Adùn rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Owó rẹ̀ ni kí ẹ béèrè kí iná tó kàn án, torí àwo ni, kì í ṣe pintxo, ó sì máa ń ju owó pintxo mẹ́rin lọ. Ìgbà ìwọ́wé ni olú igbó pọ̀ jù. Bí ẹ bá dá wà tàbí tí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ béèrè fún pái kékeré tí akàn wà nínú rẹ̀, txangurro: ohun tí ọwọ́ ìdáná yẹn lè ṣe wà nínú rẹ̀ pé, ní owó tó kéré.

Ẹ parí alẹ́ ní La Viña, ní 31 de Agosto. Kéèkì wàràkàṣì tí orí rẹ̀ dúdú, tí gbogbo ayé ń fara wé báyìí, ibẹ̀ ló ti wá ní nǹkan bí ọdún 1990, láti ọwọ́ Santiago Rivera. Ègé méjì ni wọ́n máa ń gbé síwájú ẹnì kan, nítorí náà ẹni méjì lè pín in. Wọn kò fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é pamọ́: kìlò kan wàràkàṣì rírọ̀, gíráàmù 400 ṣúgà, ẹyin méje, ìdajì lítà kíríìmù àti ṣíbí fúláwà kan. Ẹ fi bébà tẹ́ inú agolo, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó wọ ààrò tó ti gbóná dé 210 ní ìwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ nílé ni sùúrù tí ò tó lápá kan, tó sì pọ̀ jù lápá kejì. Àwọn kan ń bẹ̀rù nígbà tí orí rẹ̀ bá ń dúdú, wọ́n á dín iná kù. Dúdú yẹn ni ìkorò díẹ̀ tó ń ba adùn ṣúgà mu. Àwọn mìíràn á dúró dìgbà tí àárín rẹ̀ bá dì. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì máa gbọ̀n bí ọbẹ̀ ewédú tí wọ́n mì láwo nígbà tó bá jáde, yóò wá dì fúnra rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Ẹ má gbé e sí fíríìjì kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Ọtí, ẹlẹ́dẹ̀ àti ata

Txakoli ni wáìnì funfun tí wọ́n ń fi àjàrà agbègbè náà ṣe, kíkan díẹ̀, ó sì ní ìhó díẹ̀. Láti òkè ni wọ́n ti ń dà á sínú ife, kí ìhó rẹ̀ lè jí. Díẹ̀díẹ̀ ni, kí ẹ sì mu ún kó tó sùn. Bíà kékeré ni zurito, òun ló sì bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó fẹ́ dé báà mẹ́fà kó sì tún dá ilé mọ̀. Ẹni tí kì í mu ọtí kó béèrè mosto, omi àjàrà tútù. Ọ̀pọ̀ báà ló ní in, wọ́n sì máa ń fi ólífì sí i nígbà mìíràn.

Mùsùlùmí tàbí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ yóò jẹun dáadáa níbí, ṣùgbọ́n kó la ojú. Itan ẹlẹ́dẹ̀ ló so rọ̀ lókè orí ní báà tó pọ̀. Gilda, anchoa, edé, olú àti tòmátì kò ní ewu. Nínú croqueta (búláláà kékeré oníkíríìmù tí wọ́n dín) àti ẹ̀wà sísè ni ẹlẹ́dẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. «Kebab» tó wà lára pátákó Borda Berri, egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ni. Kí orúkọ má tàn yín. Wáìnì sì wà nínú ọbẹ̀ carrillera tí a yìn lẹ́ẹ̀kan. Ní ti ata tó ń ta, kò sí ju ti Gilda yẹn lọ. Iyọ̀, òróró ólífì àti áyù ni gbogbo ọbẹ̀ wọn. Ẹni tó bá gbé ata gbígbẹ sápò kó fi sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ó kéré tán lálẹ́ àkọ́kọ́.

Oúnjẹ ìjókòó kan ṣoṣo

Nínú wákàtí mẹ́rìndínlógójì, àyè oúnjẹ ìjókòó kò ju ẹyọ kan lọ, ọ̀sán ọjọ́ kejì ló sì tọ́ sí i. Ẹja ni ká fi ṣe. Getaria, ìlú apẹja kékeré kan, wà ní nǹkan bíi kìlómítà márùndínlọ́gbọ̀n sápá ìwọ̀-oòrùn, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà, ni wọ́n ti ń yan rodaballo, ẹja pẹlẹbẹ bí àwo, lórí èédú. Odidi ni wọ́n ń yan án, tòun ti awọ àti orí, nínú àgò irin tó ṣe é yí padà. Ìdí ni pé abẹ́ awọ rẹ̀ kún fún oje tó ń lẹ̀ mọ́wọ́. Bí iná bá ti yọ́ ọ, á pò mọ́ òróró àti fínígà tí wọ́n ń fọ́n sí i, á di ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹran àárín rẹ̀ tó fi awọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí lẹ́bẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ti fi èyí tó dáa jù sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ adùn orí ẹja, ilé yín ni ẹ dé.

Elkano ló lórúkọ jù. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, ó ní ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ilé oúnjẹ tó dáńtọ́, ó sì yẹ kí ẹ ti gba àyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ẹ kò rí àyè? Àwọn ilé mìíràn létí èbúté ní iná kan náà àti apẹja kan náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìwọ̀n. Kìlò ni wọ́n fi ń tà á, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ orí àti egungun: kìlò kan ààbọ̀ ló tó ènìyàn mẹ́ta. Ẹ ní kí wọ́n gbé ẹja náà wá, kí wọ́n sọ ìwọ̀n rẹ̀ àti iye owó kìlò kan, kó tó kan iná. Béèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ yóò gbà yín ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún.

Bí òjò bá ń rọ̀, tàbí tí wákàtí yẹn bá pọ̀ jù, ẹ dúró ní Donostia kí ẹ béèrè kokotxa, ẹran abẹ́ àgbọ̀n merluza, tó jẹ́ ẹbí pánla tiwa. Pil-pil ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ rẹ̀: òróró ólífì àti áyù, tí wọ́n ń mi ìkòkò rẹ̀ yípo lórí iná tẹ́ẹ́rẹ́ títí oje ẹja yóò fi mú òróró dì bí ògì. Iná tó bá pọ̀ jù á tú u ká, òróró á léfòó sójú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá, ẹ dá a padà.

Láàárín ìdajì oṣù kìíní sí òpin oṣù kẹrin, ẹ fi ilé ọtí ápù rọ́pò Getaria. Astigarraga, tó wà ní ìta ìlú, ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Oúnjẹ wọn kì í yí padà: ẹyin díndín oníbacalao, ìyẹn ẹja oníyọ̀ gbígbẹ, bacalao pẹ̀lú ata tútù, chuleta, lẹ́yìn náà wàràkàṣì, èso quince tí wọ́n sè dì àti asálà òyìnbó. Bí ẹnì kan bá pariwo «txotx!», wọ́n ti ṣí ihò àgbá nìyẹn. Ẹ gbé ife lọ, ẹ fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọtí máa lu ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀, ẹ gba ìka méjì péré, ẹ mu ún tán, ẹ padà sídìí oúnjẹ. Ẹni tó bá kún ife rẹ̀ dẹ́nu ti di alájẹkì lójú gbogbo wọn.

Ní ti àwọn ilé oníràwọ̀ mẹ́ta, Arzak tó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 1989, Akelarre, àti ti Martín Berasategui ní Lasarte, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìrìn tó gùn. Wọ́n mọṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n oúnjẹ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, tí owó rẹ̀ ju ti pintxo alẹ́ márùn-ún lọ, yóò gba ikùn yín di ọjọ́ kejì, ẹ ó sì kúrò láìmọ adùn òpópónà. Pintxo-pote náà, ọtí àti pintxo olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní àdúgbò Gros ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀rín àti èrò ló dára fún. Oúnjẹ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Dídé àti ìpadàbọ̀

Ẹni tó bá bọ́ sí Bilbao yóò rí bọ́ọ̀sì tó ń lọ tààrà láti pápákọ̀ òfurufú, ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Biarritz ní Faransé sún mọ́ ọn ju Bilbao lọ. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen, kódà bí ẹni tó ni ín bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìgbélùú.

Ohun tó yẹ kí ẹ gbé bọ̀ ni anchoa inú agolo àti bonito inú ìgò olóròóró, tí í ṣe túnà funfun wọn. Ẹ má fi àpò ọwọ́ gbé ìgò wọ bàálù. Òróró àti omi fínígà tó bá ju mílílítà 100 lọ, wọn yóò gbà á. Ẹni tó ń padà sí Britain kó fi wàràkàṣì àti ẹran sílẹ̀, torí láti oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ti fòfin de kí èrò máa gbé wọn wọlé láti Yúróòpù. Agolo anchoa kò dà bí agolo sadíìnì: wọn kò sè é nínú agolo, nítorí náà inú fíríìjì ló ń gbé, àní kó tó di pé ẹ ṣí i. Òróró rẹ̀ á dì síbẹ̀. Ẹ gbé e jáde ní ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ ẹ́, kí òróró náà tú, kí ẹja má baà já sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́.